Ẹ Má Fi Owó Kajú Ra Láptọ́ọ̀pù Nítorí Àwọ̀ Pupa: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Kọ́ FEA

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Okun, okun o. Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí FEA (Finite Element Analysis) jẹ́ lọ títí níbí, ẹni tó ń ka èyí á ti mọ̀ pé à ń gé irin sí wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ni (wẹ́wẹ́ kan ni ẹ́límẹ́ǹtì, gbogbo wọn pọ̀ ni mẹ́ẹ̀ṣì), ká wá jẹ́ kó ṣírò bí wẹ́wẹ́ kan ṣe ń fa èkejì. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé àtàwọn wẹ́dà tó fẹ́ gbé iṣẹ́ wọn ga ń wá bá mi, owó á sì ti jóná kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.

1. Sọ́fíwíà FEA tí wọ́n jí. Ẹnìkan á gbowó lọ́wọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, á fi sí i fún yín, fáírọ́ọ̀sì á bá a wọlé. Kí ló dé? Ansys ní èyí tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, CalculiX ọ̀fẹ́ ni, PrePoMax tí ẹ ó fi máa darí rẹ̀ lórí Windows náà ọ̀fẹ́ ni. Dátà lásán ló máa ná yín.

2. Yúnìtì. CalculiX ò mọ mítà, kò mọ mìlímítà, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi mìlímítà àti Newton ṣiṣẹ́, 200000 lẹ máa kọ fún agídí irin (Young's modulus), kì í ṣe 200 tó jẹ́ iye rẹ̀ ní GPa. Ọmọ kan kọ 200, irin tó yẹ kó tẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta bá tẹ̀ ní mítà mẹ́ta, ó sì ń bi mí bóyá irin Kàbà ló burú.

3. Ẹ́límẹ́ǹtì onígun mẹ́ta-mẹ́ta tó ní ojú kókó (node) mẹ́rin péré: ó le jù, ó ń parọ́. Ẹ lo èyí tó ní mẹ́wàá.

4. Igun pupa. Háà. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Ọmọkùnrin kan láti apá Mopa fẹ́ ṣe ẹsẹ̀ táǹkì omi, táǹkì 2000 lítà. Ó yà á, ó dára, mo yìn ín. Ó fi mẹ́ẹ̀ṣì gé e, ó rí stress (agbára tó ń fa irin nínú, lórí ìwọ̀n ojú irin kan) 180 MPa ní igun inú tí irin ìdábùú ti pàdé òpó, pupa yòò, àwọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń sàmì sí ibi tí stress ti pọ̀ jù. Wọ́n ti sọ fún un ní iléèwé pé kó máa gé mẹ́ẹ̀ṣì kéré sí i títí nọ́ńbà á fi dúró, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ó gé e sí ìdajì, 246. Ó tún gé e, 338. Ó tún gé e, 463. Irin tí à ń rà lọ́jà ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ǹda (kó tẹ̀ láìpadà sípò) ní bíi 250, ẹ̀rù bà á. Ó fi irin tó nípọn sí i, owó lọ. Pupa ò kúrò. Ló bá pinnu pé láptọ́ọ̀pù òun ló kéré, RAM ò tó, ó kó gbogbo owó kajú ọdún yẹn ra òmíràn, NẸ́PÀ ò sì mú iná wá, ó tan jẹnẹrétọ̀ mọ́júmọ́ kí kọ̀ǹpútà lè gé irin wẹ́wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pàdé lọ́jà, wọ́n ní, “Ẹnjiníà, irú iṣẹ́ wo lẹ fi ń kọ́ ọmọ mi tó ń mu bẹntiróòlù báyìí?” Mi ò rí èsì fọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí èmi fi ń jẹun, bọ́tìnnì E rẹ̀ ti yọ, RAM rẹ̀ 8 gigabyte ni, ìka ni mo fi ń tẹ ihò.

Nọ́ńbà yẹn kò ní dúró láéláé! Igun inú tó mú ṣánṣán, tí kò yípo rárá nínú àwòrán, ìṣirò fúnra rẹ̀ sọ pé stress ibẹ̀ kò lópin. Bí ẹ ṣe ń gé mẹ́ẹ̀ṣì kéré sí i lẹ ń sún mọ́ ohun tí kò lópin yẹn. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: ó ń fi ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i ní gbogbo ìgbà tí mẹ́ẹ̀ṣì bá di ìdajì, irú ìyẹn kì í sọ pé irin fẹ́ já, ó ń sọ pé àwòrán yín ní igun tí ayé ò ní. Lójú ayé, wẹ́dà á fi iná dí igun yẹn, á yípo díẹ̀, irin fúnra rẹ̀ á sì yọ̀ǹda díẹ̀ níbẹ̀, ara á tù ú.

Tí ibẹ̀ bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ ya ìyípo náà sí i, kẹ́ ẹ tó gé mẹ́ẹ̀ṣì. Tí ojú wẹ́dìn ni, tí ẹ̀rù yín sì jẹ́ kó má rẹ̀ ẹ́ kó sán, irú bíi ti ẹ̀yìn tìrélà tó ń gbé sìmẹ́ǹtì láti Obajana gba inú kòtò lọ, ẹ ka stress ní ìlọ́po 0.4 nínípọn irin sí igun, ẹ tún kà á ní ibi tó jìn tó nínípọn rẹ̀, ẹ fa ìlà láti ibi méjèèjì wá sí igun. Irin mìlímítà 6, ẹ kà á ní mìlímítà 2.4 àti 6. Ó tán. Ẹsẹ̀ táǹkì ọmọ Mopa yìí, títẹ̀ rẹ̀ ti dúró sójú kan láti mẹ́ẹ̀ṣì kejì, stress àárín òpó náà ti dúró. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó yà, kó tiẹ̀ tó fi irin kún un, ló yẹ kó kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo ní mẹ́ẹ̀ṣì ò já mọ́ nǹkan o. Lọ́dún 1991, ní oṣù kẹjọ, wọ́n ń dán ìdí ilé ìwapo Sleipner A wò lórí omi ní Norway, ògiri kọnkéré kan là, omi ń wọlé ju bí pọ́ọ̀ǹpù ṣe lè fa á lọ, gbogbo rẹ̀ rì. Ìwádìí rí i pé FEA wọn ti fi 47% dín agbára tó ń gé ògiri yẹn kù, ẹ́límẹ́ǹtì ibẹ̀ ò dáa tó. Ibi tó yẹ kí wọ́n gé wẹ́wẹ́ dáadáa nìyẹn.

Ó kù... mi ò rántí nọ́ńbà tí mo bá a dé mọ́. “Fixed” tí ẹ ń tẹ̀ sí gbogbo nǹkan. Irin tí ẹ kàn gbé lé búlọ́ọ̀kù méjì, tẹ́ ẹ bá fi “fixed” de orí méjèèjì, tí ẹrù tẹ́ sórí rẹ̀ dọ́gba, kọ̀ǹpútà á sọ fún yín pé ìdá kan nínú márùn-ún títẹ̀ tòótọ́ ló máa tẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ wo ohun tí ẹ fẹ́ yà níbi tó wà. Ṣé bóótì ló dì í mú? Ṣé ó kàn jókòó ni?

Ẹ ro agbára tí ilẹ̀ fi ń ti àwọn ẹsẹ̀ náà padà nínú èsì kọ̀ǹpútà pọ̀. Omi 2000 lítà wúwo tó bíi 19.6 kN (kilonewton), tí ohun tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé kò bá tó iye yẹn àti ìwúwo irin pọ̀, ẹ má wo àwòrán aláwọ̀ rárá.

Kẹ́ ẹ tó tẹ Run, ẹ fi bírò ṣe é lórí ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Òpó gígùn tó tín-ín-rín sì lè ká lójijì nígbà tí stress rẹ̀ ṣì kéré, FEA tí gbogbo yín ń ṣe yìí kò sì ní sọ fún yín. Buckling wà lọ́tọ̀ nínú PrePoMax, ẹ yàn án, ẹ ṣe òun náà kí wẹ́dà tó gé irin.