Ẹ má fi sípíríìtì nu ún: àṣìṣe àwa tí a ń kó àwo jáàsì jọ

Àwo jáàsì àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi pa á. Àwo àtijọ́ ni, èyí tó nípọn, tó máa ń yí po nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Eruku àti ọ̀rá ọwọ́ ti dì sí i lójú. Mo ti rí ẹnì kan tó fi sípíríìtì nu àwo tirẹ̀, tí àwo náà sì mọ́ tónítóní, lèmi náà bá rin òwú sínú sípíríìtì. N ò tíì nu ún yípo kan tí òwú fi dúdú bí kóró iṣin, tí ojú àwo sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje igi.

Oje náà sì ni lóòótọ́. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ń ṣe àwo 78, oje tí kòkòrò kan máa ń sun sára ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà. Sípíríìtì ni káfíńtà máa ń fi yọ́ ọ kó tó fi kun àga. Ohun tó ń yọ́ ọ gan-an ni mo dà lé e lórí. Àwo ẹni yẹn tó mọ́ tónítóní, oníke ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní 1948, tó ń yí nígbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn méjèèjì jọra lójú, wọ́n dúdú, wọ́n rí rìbìtì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Omi tútù díẹ̀ àti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́, ẹ̀kán kan, ti tó fún àwo 78, kí ẹ sì tètè nù ún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Ti oníke náà, omi tí kò ní iyọ̀ tàbí ìdọ̀tí nínú ni kí ẹ lò, irú omi tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì mọ́tò (kì í ṣe ásíìdì rẹ̀ o), kí ẹ sì máa nu ún tẹ̀lé ilà rẹ̀ yípo. Ẹni tó bá ń nu ún láti àárín síta, ńṣe ló ń fa eruku gba orí ilà kọjá.

Abẹ́rẹ́ wọn kò dọ́gba pẹ̀lú. Ilà àwo 78 fẹ̀ gan-an, abẹ́rẹ́ tó bá a mu tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwo oníke. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ kékeré lu àwo 78, ìsàlẹ̀ ilà ló máa balẹ̀ sí, ariwo bí ẹni ń dín àkàrà lẹ ó sì máa gbọ́. Bí ẹ bá wá fi abẹ́rẹ́ ńlá lu oníke, ẹ ti ha orin dànù nìyẹn, kò sì sí dókítà tó lè wò ó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àwo bá há, kọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gbé lé orí apá ẹ̀rọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti bá àwọn àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ òde òní kò fẹ́ ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ lórí, owó ẹyọ kan sì lè sọ ẹrù náà di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo tó ń há ń sọ nǹkan fún yín ni: ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó lè jẹ́ tábìlì tó dagun, ó sì lè jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ti jẹ. Dáyámọ́ńdì tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu abẹ́rẹ́ náà máa ń jẹ o.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn jù ni Blue Note, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáàsì jáde, nítorí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ni gbogbo wa ń wá. Alfred Lion, ọmọ Berlin tó sá wá sí New York, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1939. Francis Wolff, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, dara pọ̀ mọ́ ọn, òun ló sì ń ya àwọn fọ́tò tí Reid Miles wá ń fi ṣe páálí. Páálí yẹn ló ń mú ojú èèyàn. Wọ́n sì ti tún àwọn àwo náà tẹ̀ láìmọye ìgbà pẹ̀lú páálí kan náà, nítorí náà ẹni tó bá ń wo páálí kò tíì wo nǹkan kan. Bébà àárín ni kí ẹ kà. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn àwo ńlá wọn ní àdírẹ́sì Lexington Avenue lára, lẹ́yìn náà ló di 47 West 63rd, lẹ́yìn ìyẹn ni New York USA lásán. Liberty, ilé iṣẹ́ àwo mìíràn, ra ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọdún 1965 sí 1966, orúkọ tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí bébà.

Kí ẹ wá gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ibi tí orin ti tán, kó tó kan bébà. Bí ẹ bá rí RVG tàbí VAN GELDER níbẹ̀, Rudy Van Gelder fúnra rẹ̀ ló gé ilà orin sára àwo ìpilẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin tó ń gba orin sílẹ̀ nínú pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack títí di 1959. Àmì kékeré kan tún wà tó rí bí etí. P ni, P ti Plastylite, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ wọ́n títí di 1966.

Ibí yìí ni àwọn tó ti mọ̀wé díẹ̀ ti máa ń ṣìṣe ju ẹni tí kò mọ nǹkan kan lọ. Wọ́n á rí àdírẹ́sì àtijọ́, wọ́n á sáré sanwó, wọn ò ní mọ̀ pé Liberty lo bébà àtijọ́ tó ṣẹ́kù tán kó tó tẹ tuntun. Wọ́n á rí etí, wọ́n á gbàgbé pé àwo náà ti gba ojú ọgbẹ́ bí ẹni tó ja ogun Kírìjì. Èmi ò ní fi owó iyebíye ra àwo tó ń ké. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí Liberty tẹ̀ ṣì ní àmì Van Gelder, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń dún dáadáa. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ fún yín pé ipò àwo náà jẹ́ VG (Very Good), kí ẹ mọ̀ pé "dára gan-an" tí VG dúró fún kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin àtèmi ń pè ní dára gan-an. Ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀ lábẹ́ orin. Ti G (Good), ìyẹn "dára" lásán, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n kọ "Electronically Rechanneled for Stereo" sára páálí, ẹ dá a padà sí ibi tí ẹ ti mú un. Orin tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n fi ẹ̀rọ là sí méjì tipátipá.

Àwo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà ju ti ẹ̀yìn lọ. Kind of Blue ti Miles Davis, afunfèrè jáàsì, ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1959 tí wọ́n gba ojú kìíní rẹ̀ sílẹ̀ ní New York, ẹ̀rọ téèpù tí wọ́n lò kò sáré tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ tó pé lu téèpù yẹn, orin náà sáré, ohùn rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fọn ọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ títí di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó bá ń fọn tirẹ̀ tẹ̀lé àwo náà nílé á rò pé fèrè òun ló bàjẹ́.

Ti ìpamọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ tò wọ́n lóòró bí ìwé, ẹ má kó wọn lé ara wọn. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án, kódà fún ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ fi ra búrẹ́dì. Ìgbà òjò ni páálí máa ń bu, nítorí náà ẹ jìnnà sí ògiri tó ń mú omi.

Èyí tó ṣì ń tì mí lójú jù ni pé mo máa ń ka orúkọ ńlá iwájú páálí nìkan. Nínú jáàsì, ẹ̀yìn páálí lọ̀rọ̀ wà: ta ló lu béèsì, ta ló lu ìlù. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá Babatunde Olatunji pàdé, ọmọ Àjídò nítòsí Badagry, tó lu ìlù fún Max Roach, onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, ní 1960. John Coltrane, afunfèrè jáàsì, fi orúkọ Olatunji pe orin kan, Tunji. Ní ibùdó Olatunji ní Harlem, New York, ní oṣù kẹrin 1967, ni Coltrane ti ṣe eré ìkẹyìn rẹ̀ tí a ní lórí téèpù, kó tó kú ní oṣù keje ọdún náà. Ohùn téèpù náà ṣe bàṣàbàṣà, ẹni tó ń wá ohùn tó mọ́ kò ní gbọ́ ọ dé ìdajì.

Mo ní The African Beat ti Art Blakey, onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, èyí tí Blue Note ṣe ní 1962. Mo mọ àdírẹ́sì tó wà lórí bébà rẹ̀, mo mọ àmì tó wà létí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Màmá mi gbé páálí rẹ̀ láti fi nu eruku orí tábìlì, ó yí i padà, ó dúró.

"Ìfẹ́ l'ayọ̀? Ta ló kọ Yorùbá sórí àwo òyìnbó rẹ yìí?"

Solomon Ilori ni, onílù ọmọ Nàìjíríà. Àdúrà rẹ̀ ló tiẹ̀ ṣí àwo náà. Àwo yẹn ti pé ọdún méjì nílé mi.