Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbóná lórí Ọ̀sà Èkó

Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 (40 HP) tó ń wa ọkọ̀ ojú omi náà ń gbóná, omi tó yẹ kó máa tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ sì ń kán tó-tó. Ẹ má fi gbé àwọn tó fẹ́ wo ẹyẹ tàbí pa ẹja rárá. Piston, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, lè há nígbà tí ọkọ̀ bá wà láàárín omi.

Ọ̀rá àti gbòǹgbò koríko orí omi ló dí ojú ihò tó ń fa omi. A kó wọn kúrò, kò tán síbẹ̀. A fi okùn ìwọ̀ gún ihò tí omi ń gbà jáde, ibẹ̀ mọ́, àmọ́ omi kò tíì tú dáadáa.

A wá tú ìdí ẹ́ńjìnnì, a ṣí ilé pọ́ǹpù. Ìyẹ́ méjì ti já lára impeller, rọ́bà oníyẹ̀ẹ́ tó ń yí láti fa omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì. Yanrìn ló jẹ ẹ́: etí omi tí kò jìn ni ẹyẹ wà, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ sì ń ru ilẹ̀ sókè níbẹ̀. Ẹ wá ìyẹ́ tó já rí, torí ó lè dí ọ̀nà omi lókè. Ẹ fi girísì pa rọ́bà tuntun, kí ẹ máa yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Irin kékeré tó dè é mọ́ ọ̀pá kò gbọdọ̀ sọnù. Láìsí i, ọ̀pá nìkan ni yóò máa yí.

Omi ti ń tú dáadáa. Ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan.