Bí a ṣe gba owó ìrànwọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná fún Tàǹtí mi ní Faransé

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2024. Mo ń ká aṣọ kúrò lórí okùn nílé wa ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, nígbà tí fóònù dún. Tàǹtí, àbúrò ìyá mi tó ń gbé nítòsí Le Mans, ni. A ò tíì kíra tán tí wọ́n fi sọ pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn gbóná ti kú. Epo fioul ló ń jẹ, ó sì ti lé lógún ọdún. "Ọmọ mi, òtútù ń bọ̀, èmi nìkan ni mo sì wà níbí. Ìwọ tí iṣẹ́ ìwé jẹ́ tìrẹ, bá mi wò ó."

Akọ̀wé ni mí lọ́dọ̀ nótérì, ìwé ni mò ń tò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Irú ẹ̀rọ tó kú yẹn kò ṣeé fi rọ́pò ara rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Júláì ọdún 2022, òfin Faransé kì í sábà gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ elépo fioul tuntun sílé. Ohun tí wọ́n ń dárúkọ fún Tàǹtí ni pompe à chaleur, ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru láti inú atẹ́gùn, kò sì yé wọn bí atẹ́gùn ìta tó tutù ṣe lè mú ilé gbóná. Klímà (ẹ̀rọ amúlétutù) ọ́fíìsì wa ni mo fi ṣàlàyé. Klímà ń fa ooru inú yàrá, ó sì ń tú u síta. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ níta yóò mọ̀ ọ́n lára. Òdìkejì iṣẹ́ yẹn ni pompe à chaleur ń ṣe: ooru tó wà nínú atẹ́gùn ìta ló ń kó wọlé, tó fi ń gbé omi inú páìpù àti rádíátọ̀ (irin ara ògiri tó ń tú ooru sínú yàrá) gbóná. Nítorí pé ńṣe ló ń kó ooru, tí kì í dá a, ìwọ̀n iná kan tó bá jẹ lè mú ìwọ̀n ooru bíi mẹ́ta wá. Ìdí nìyẹn tí ìjọba wọn fi ń ná owó lé e lórí.

Oníṣẹ́ kan ti wá kí n tó gbọ́. Ó fi devis (ìwé iye tí iṣẹ́ yóò ná wọn) 19,000 euro sílẹ̀, ó ní kí wọ́n buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, pé owó ìrànwọ́ ti fẹ́ tán, pé òun fúnra òun ni yóò bá wọn ṣí àkáǹtì tí wọ́n fi ń béèrè owó náà. Àyà mi já. "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má buwọ́ lu nǹkan kan o."

Ẹni tó bá ní ẹbí ní Faransé, ibí yìí ni kó fetí sí. Owó ìrànwọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan ni MaPrimeRénov', owó ìjọba fún àtúnṣe ilé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Anah ló ń san án. Èkejì ni ti CEE (certificats d'économies d'énergie, ètò dídín agbára tí à ń lò kù), tí òfin fi dandan lé àwọn tó ń ta iná, gáàsì àti epo lórí láti san. Èèyàn lè gba méjèèjì lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ètò ló ń gbà á. Ti CEE, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ìlérí owó náà kí ẹ tó buwọ́ lu devis. Ti MaPrimeRénov', ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìbéèrè sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní Tàǹtí buwọ́ lùwé lọ́jọ́ náà, owó CEE ti bọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pe olùdámọ̀ràn France Rénov', ètò ìjọba tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àtúnṣe ilé, ọ̀fẹ́ ni. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín àwọn èèyàn, láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù: búlúù, yẹ́lò, violet, rose (píǹkì). Fún ẹni tó ń dá gbé lẹ́yìn agbègbè Paris, ẹni tí revenu fiscal de référence rẹ̀ (iye owó tó ń wọlé fún un lọ́dún lórí ìwé owó orí) kò bá ju 17,009 euro lọ lọ́dún yẹn ni búlúù. Owó ìfẹ̀yìntì Tàǹtí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn sọ ọ́ di 5,000 euro láti ọwọ́ Anah, pẹ̀lú 4,000 láti ọ̀dọ̀ CEE nítorí pé ẹ̀rọ elépo ni wọ́n ń mú kúrò.

A wá oníṣẹ́ mìíràn tó ní àmì RGE, ìyẹn ẹ̀rí pé ó tóótun fún irú iṣẹ́ yìí. Láìsí àmì yẹn, kò sówó. Ọkùnrin yìí wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ka rádíátọ̀, ó wo fèrèsé. 13,800 euro ló kọ. Mo ka devis náà lórí WhatsApp, mo dá fọ́tò padà lẹ́ẹ̀mejì torí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ gé. Mo wá orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ, mo wá Etas (ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń lo iná dáadáa tó), tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 111% lọ́dún yẹn fún irú rádíátọ̀ ayé àtijọ́ tí wọ́n ní, mo sì wò ó bóyá wọ́n ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ó pé. Orúkọ Tàǹtí ni kò pé: lórí ìwé Benin, "ch" la fi ń kọ "ṣ" wa, àmọ́ "s" lásán ni oníṣẹ́ kọ. Mo ní kó tún un kọ, kó bá ti ìwé owó orí mu.

Ìwé ìlérí CEE dé, Tàǹtí gbà á. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó buwọ́ lu devis. Lẹ́yìn náà la ṣí àkáǹtì MaPrimeRénov', ní aago méje alẹ́ tiwa, mẹ́jọ tiwọn. Àwọn fúnra wọn ló tẹ gbogbo rẹ̀. Mò ń wò wọ́n lórí fídíò ni, mi ò sì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. RIB (ìwé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì) tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i ṣì ní orúkọ ọkọ wọn tó ti dolóògbé, a ní láti gba òmíràn ní báńkì.

Ìdáhùn dé ní Nòfẹ́ńbà, ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ gbà ní Dìsẹ́ńbà. Oníṣẹ́ yọ 4,000 CEE kúrò lórí facture (ìwé owó iṣẹ́). Tàǹtí san 9,800, apá kan díẹ̀díẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún èyí, torí pé lẹ́yìn iṣẹ́ ni 5,000 tó kù tó wọlé, ní Fẹ́búárì 2025. Àpapọ̀ ìrànwọ́ náà lé ní 5,900,000 CFA.

Lọ́sẹ̀ tí owó náà wọlé, wọ́n pè mí pẹ̀lú aládùúgbò wọn kan, opó bíi tiwọn, tí ẹ̀rọ elépo tirẹ̀ náà ti ń kọṣẹ́. Mo kí i, mo sì bi í bóyá ó ti buwọ́ lu ìwé kankan. Ó ní rárá.