Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ gba mọ́tò oníná

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń lọ gba mọ́tò oníná láìpẹ́, ẹ má kánjú jáde lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ẹ ṣí búùtù, kí ẹ fojú ara yín rí wáyà tí wọ́n fi ń ṣáájì rẹ̀. Èmi ò wò ó. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé wọn ò fi sí i.

Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. Ẹ má tún un tẹ̀ o, ó ti tàn nìyẹn. Kí ẹ sì rọra tẹná: ẹ fẹsẹ̀ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó ti fò! Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò, ńṣe ló ń dín eré kù fúnra rẹ̀ bí ẹni tẹ bíréèkì, torí ó ń sọ eré yẹn di iná padà sínú bátìrì. Díẹ̀ ló kù kí orí ìyàwó mi kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́kọ́ lọ fi ibi tó ṣófo kọ́ ọ.

Ti bátìrì, ẹ ka ìwé tó bá a wá. Ọ̀pọ̀ wọn, kí ẹ ṣáájì rẹ̀ dé 80% ló dáa fún ojoojúmọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ní kí ẹ máa gbé dé 100%. Lójú ọ̀nà, nídìí ẹ̀rọ tó ń yára ṣáájì, ẹ máa lọ tó bá ti tó 80%. Ìyókù máa ń falẹ̀ bí ìgbín.