Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí Olóòtú Ìjọba tuntun pe ìdìbò kí àsìkò tó pé

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà bá pààrọ̀ olórí wọn láàárín sáà, ariwo kan náà ló máa ń gba ìlú: ta ló dìbò fún ẹni yìí? Òfin kò fi dandan lé e pé kó pe ìdìbò. Aṣòfin ẹkùn wọn ni aráàlú ń yàn. Ẹni tí aṣòfin tó pọ̀ jù bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọba ń pè láti wá ṣèjọba. Harold Macmillan gorí àga ní oṣù Kìíní ọdún 1957, kò pe ìdìbò títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1959, kò sì rú òfin kankan. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé: kí ni ìdìbò yẹn máa fún un tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ ka orí

Ìjókòó 650 ló wà ní House of Commons, ilé aṣòfin tí aráàlú ń dìbò yàn. Wọ́n máa ń sọ pé 326 lẹgbẹ́ kan nílò kó tó lè dá ṣèjọba, àmọ́ kì í tó bẹ́ẹ̀. Abẹnugan àti àwọn igbákejì rẹ̀ mẹ́ta kì í dìbò. Àwọn aṣòfin Sinn Féin, ẹgbẹ́ kan ní Northern Ireland, tí 7 nínú wọn wọlé lọ́dún 2024, kì í jókòó níbẹ̀ rárá. Ẹ yọ 11 yẹn kúrò, ó ku 639, 320 sì ti borí. Ẹ wá yọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó máa ń dìbò tako ìjọba tiwọn kúrò nínú iye aṣòfin ìjọba. Bí ohun tó kù bá ṣì ju 320 lọ dáadáa, ẹ̀tẹ́ lè pọ̀ ju èrè lọ nínú ìdìbò àìtọ́jọ́.

Ẹ wá ìdí tó ṣeé sọ ní gbólóhùn kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Nílẹ̀ Kánádà, John Turner di Olóòtú Ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1984, ó pe ìdìbò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mark Carney gorí àga kan náà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2025, òun náà pe ìdìbò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìjókòó 40 péré ni Turner rí nínú 282. Carney rí 169 nínú 343, ó ku mẹ́ta kó lè dá dúró. Ìwádìí èrò aráàlú tó dùn létí ló ti Turner, kò ní ọ̀rọ̀ kan gbòógì tó fẹ́ kí wọ́n torí ẹ̀ dìbò. Ti Carney, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n: owó orí ọjà tí Amẹ́ríkà gbé kà wọ́n lórí, àti ẹni tó máa kojú Trump.

Bíi ti Turner ló rí fún Theresa May, Olóòtú Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ìjókòó 330 ló ní nígbà tó kéde ìdìbò ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2017, nǹkan bí ogún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló sì fi ń ṣáájú Labour, ẹgbẹ́ alátakò, nínú àwọn ìwádìí kan. Ọ̀sẹ̀ méje ni ìpolongo fi gùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, ìwé ìlérí ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ètò pé wọn yóò máa ka iye owó ilé àgbàlagbà mọ́ ohun tó fi máa sanwó ìtọ́jú tó ń gbà nílé. Àwọn arúgbó tó máa ń dìbò fún un gan-an ló kọ́kọ́ fa ìbínú yọ. Lọ́jọ́ kẹrin ó yí ètò náà padà, ó ní kò sí ohun tó yí padà, ìyẹn sì tún bà á jẹ́ sí i. Ìjókòó 317 ló kù sí i lọ́wọ́, àwọn mẹ́wàá láti DUP, ẹgbẹ́ mìíràn ní Northern Ireland, ló ràn án lọ́wọ́ kó tó lè ṣèjọba. Lójú tiwa, ẹni tí kò bá tíì parí ìwé ìlérí rẹ̀, tí kò tíì fi han àwọn tó máa lù lápò, kò tíì tó ìdìbò í pè.

Boris Johnson, tó rọ́pò May, ní tiẹ̀ kò ní iye tó tó mọ́ lọ́dún 2019, òfin Brexit, ìyẹn kíkúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, sì há nílé aṣòfin. Ìdìbò oṣù Kejìlá fún un ní 365.

Kàlẹ́ńdà

Láti ọdún 2022, Olóòtú Ìjọba nìkan ló ń tọ Ọba lọ pé kó tú ilé ká. Ọjọ́ iṣẹ́ 25 lẹ́yìn tílé bá túká ni ìdìbò. A kì í ka òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba mọ́ ọn. Lọ́dún 2024, ilé túká ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà péré làwọn olùdíje ní láti fi ìwé wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé èèyàn mẹ́wàá àti 500 pọ́ùn, tí kì í padà wálé bí ìbò wọn kò bá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ tí kò tíì yan olùdíje sí gbogbo ẹkùn yóò máa fi ẹni tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa dí àlàfo.

Ẹ tún wo àwọn àbádòfin tó wà lọ́nà. Èyí tí kò bá parí kílé tó túká ti kú nìyẹn. Lọ́dún 2024 ni èyí tó fẹ́ dáàbò bo àwọn ayálégbé àti èyí tó dá lórí tábà bá a lọ.

Ẹ má jẹ́ kí àhesọ gbọ̀pá lọ́wọ́ yín

Gordon Brown, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Olóòtú Ìjọba nígbà náà, jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa sọ ọ́ káàkiri pé ìdìbò ń bọ̀ nígbà ìwọ́wé ọdún 2007. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ó ní kò sí mọ́, gbogbo ayé sì gbà pé ẹ̀rù ló bà á. Aṣòfin rẹ̀ pọ̀ tó láti ṣèjọba. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti sọ lóṣù àkọ́kọ́ pé kò ní sí ìdìbò. Bí Olóòtú Ìjọba tuntun kò bá ní pè é, kó tètè kéde rẹ̀.

Bí wọ́n bá pè é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀

Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò yan aṣòfin níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ó pẹ́ tán ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ìdìbò. Fún ìbò pọ́ọ̀sì, ó jẹ́ 11, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà níbùdó ìdìbò, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí àwòrán inú rẹ̀ bá ṣì jọ yín. Aago méje òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí, mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tì. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nígbà tí mẹ́wàá lù, wọn yóò jẹ́ kó dìbò.