Bí A Ṣe Ń Jẹ́ Kí Ìfarapa Jinná Kí A Tó Sá Eré Ọ̀nà Jíjìn

Ó ku ọ̀sẹ̀ 6 kí eré tí ẹ ti ń múra sílẹ̀ fún wáyé, ojúgun wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ asáré lọ́kàn ni kí wọ́n fi báńdéèjì dì í, kí wọ́n gbé oògùn mì, kí wọ́n sì máa sáré lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Egungun àti iṣan ò mọ ọjọ́ tí wọ́n fi eré sí. Wọ́n ní iye ọjọ́ tiwọn, ìgbà tó bá pé la tó lè sọ̀rọ̀ eré.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà jù. Ẹran ara tó fà díẹ̀ sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3. Iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, bí èyí tó wà lókè gìgísẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè gba oṣù mélòó kan. Egungun ojúgun tó là fínnífínní nítorí eré àsájù máa ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jókòó, ẹ ká ṣòkòtò sókè, kí ẹ fi orí ìka kan tẹ etí egungun ojúgun díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ó bá ń dùn káàkiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ni iṣẹ́ àṣejù ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí ìka yín bò ló ta yín, tí ibẹ̀ sì ń dùn lóru láìṣe pé ẹ ṣe nǹkan kan, ẹ má sáré mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ́síréè lè má tètè fi egungun tó là fínnífínní hàn ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà bí ìrora ò bá lọ, ẹ béèrè nípa MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara kedere ju ẹ́síréè lọ. Èyí tí kò gba ìfàsẹ́yìn rárá ni ìrora níbi tí itan ti so mọ́ ara, tó ń le sí i bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí egungun ibẹ̀ bá lọ kán pátápátá, iṣẹ́ abẹ ló máa kàn.

Ẹ dá eré dúró, àmọ́ ẹ má dùbúlẹ̀

Ọjọ́ 10 láìsáré kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan kúrò nínú okun tí ẹ ti kó jọ. Bí kò bá dùn yín, ẹ lúwẹ̀ẹ́, ẹ gun kẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹ sáré nínú omi jíjìn tí ẹsẹ̀ ò kan ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì tó ń mú ni léfòó. Iṣan gìgísẹ̀ tiẹ̀ ń fẹ́ iṣẹ́ kó tó le: ẹ dúró sórí etí àtẹ̀gùn, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Egungun tó là ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ gbé ẹrù kúrò lórí òun.

Ẹ jẹun yó, ẹ sùn dáadáa. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró nígbà tó ń gbára dì, kó sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé oúnjẹ ò tó ara, egungun a sì máa rọ.

Ẹ má fi oògùn bo ìrora mọ́lẹ̀

Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yára jù nínú àwọn obìnrin tó ń sá márátọ́ọ̀nù nígbà náà, fara pa lẹ́sẹ̀ kété kí Òlíńpíìkì Áténì ọdún 2004 tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó lágbára tó ń lò fún ẹsẹ̀ náà da inú rẹ̀ rú, agbára sì tán lára rẹ̀ títí tó fi jáwọ́ lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ó gba ipò kìíní ní márátọ́ọ̀nù New York. Yàtọ̀ sí inú, ibuprofen, oògùn ìrora kan, lásìkò eré gígùn tí omi ti ń gbẹ lára lè pa kíndìnrín lára.

Ẹ dán ẹsẹ̀ wò kí ẹ tó sáré

Ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó dùn nìkan fò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí ìrora ò bá sí nígbà náà, tí kò sì sí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀: sáré ìṣẹ́jú 1, rin ìṣẹ́jú 2, ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ìsinmi. Ẹ fi kún iye ìṣẹ́jú ṣáájú kí ẹ tó máa sáré kíákíá sí i. Òkè àti eré àsápajúdé ló gbẹ̀yìn. Fún iṣan, ìrora tí kò ju 3 nínú 10 lọ (10 ni ìrora tó le jù), tó sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣeé fara dà. Fún egungun, ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ sí. Bí ẹ bá ń tiro, ẹ padà sílé.

Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ 3 tí ẹ ò tíì lè sáré gígùn láìdùn, ẹ má lọ síbi eré náà. Àwọn tó ń ṣètò eré kan máa ń gbà kí ẹni tó fara pa sún orúkọ rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀, tàbí kó bọ́ sí eré kúkúrú, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi gbèdéke sí i. Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti dùn yín ni kí ẹ ti ka òfin wọn, kí ẹ sì kọ gbèdéke náà sílẹ̀.