Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tó Ń Ti Èèyàn Mọ́ta Gmail Ara Rẹ̀

Bí wọ́n bá ti ń ta fọ́ọ̀mù JAMB báyìí, mo ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi á ru. Kì í ṣe tìtorí èrò tó ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù o. Èrò ni mo jókòó dè. Ọmọ tó máa wọlé, tí n óò ní kó ka ímeèlì rẹ̀ fún mi, tí yóò wá ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kúkú bá mi ṣí òmíràn, mi ò rántí ti àtijọ́ mọ́,” ìyẹn ló ń bí mi nínú. Kí irú wọn tó wọ yunifásítì, wọ́n á ti ní tó mẹ́ta, kò sì ní sí ẹyọ kan tí wọ́n lè wọlé sí nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun ní Ìbàdàn. N ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣí Gmail. Ẹni tó bá ń ka èyí ti ní ọ̀kan, bí kò bá tilẹ̀ ní márùn-ún. Ohun tí ẹ ń fọwọ́ ara yín bàjẹ́, tí ẹ óò wá máa sanwó fún irú mi pé kí n bá yín tún ṣe, òun ni mo fẹ́ sọ. Ìyàwó mi ní bí mo ṣe ń bá kọ́sítọ́mà wí yìí, ebi ni yóò fi pa wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi.

Àkọ́kọ́: nọ́ńbà tí kì í ṣe tiyín

Ibi tó ń dùn mí jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí èèyàn bá ń ṣí Gmail, Google máa ń béèrè nọ́ńbà fóònù. Kì í béèrè rẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé password, tàbí tí ẹ bá pààrọ̀ fóònù, orí nọ́ńbà yẹn ni kóòdù máa gbà wọlé. Ẹni tí kóòdù bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ ni Google mọ̀ sí onílé.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ á wá sí ṣọ́ọ̀bù láìmú fóònù dání. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ń kánjú, nítorí èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Á fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i. Á fi password tó ń fún gbogbo ayé sí i, orúkọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú 123. Á kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì, á gbowó rẹ̀, ó parí. Tí nọ́ńbà ọ̀hún bá ti wà lórí àkáǹtì púpọ̀ jù, tí Google ní òun ò gbà á mọ́, á yá nọ́ńbà ẹni tó ń ta rìṣáàjì níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún mélòó kan á kọjá. Ọmọ ti ṣe tán ní yunifásítì, NYSC ní kó fi ímeèlì tó ń ṣiṣẹ́ forúkọ sílẹ̀, ó wá rántí ti àtijọ́ nítorí òun ló wà nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Rìsíìtì ti bá ṣòkòtò wọnú omi ìfọṣọ. Ṣọ́ọ̀bù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Ẹni tó ni nọ́ńbà ti wà ní Kánádà. Èmi ni wọ́n máa wá bá, pé “Bọ̀ọ̀dá, ẹ sáà bá mi já a.” Já kí ni?

Àwọn tó fi nọ́ńbà ara wọn ṣe é gan-an kò sàn jù wọ́n lọ. Síìmù tí wọ́n gbà lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì tìtorí dátà ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣí i. Dátà tán, síìmù bọ́ sínú dúróò. Bẹ́ẹ̀ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù, fàyè gba iléeṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n ti ìlà tí ẹnikẹ́ni kò lò fún oṣù mẹ́fà pa, bó bá sì tún pẹ́ sí i tí olówó rẹ̀ kò yọjú, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé kóòdù yín lè máa wọlé sórí fóònù ẹnìkan ní Kàdúná tí kò mọ̀ yín rí.

Màmá kan tó ń ta àǹkárá wá bá mi. Wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, síìmù tó ti kú tipẹ́ ni Gmail rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀. Fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ń sunkún lé lórí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnìkan lórí Facebook ti gba 20,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ Google ni òun, ó sì tún ń béèrè owó “ìparí iṣẹ́.” “Bọ̀ọ̀dá, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ gidi ni o,” ni màmá ń wí. Màmá mi, ọmọ gidi wo? Google kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ kó máa gbowó bá èèyàn gba àkáǹtì padà. Ojú ewé g.co/recover ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é náà wà o. Google máa ń wo fóònù tí ẹ fi ń béèrè, ibi tí ẹ wà, àti Chrome tàbí ohun mìíràn tí ẹ fi ń wọlé tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, orí kọ̀ǹpútà tí kò bá yín pàdé rí, ẹ ti sọ ara yín di àjèjì. Mo bi màmá bóyá fóònù àtijọ́ kankan wà nílé, ó ní ọ̀kan wà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo ní kó padà sílé, kó gba iná sí i, kó tẹ password tó rò pé òun lò kẹ́yìn bí kò tiẹ̀ dá a lójú, kó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló pè mí, ayọ̀ kún ẹnu ẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò mi nínú rẹ̀, ìyàwó mi ṣì ń fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni ń jà. Bó bá ti kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, torí Google fúnra rẹ̀ á ní kí ẹ dúró. Bí síìmù tó sọnù bá sì wà lórúkọ yín, tí kò tíì di ti ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ mú NIN lọ bá iléeṣẹ́ fóònù kí ẹ gbà á padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹni tó ṣì wà nínú Gmail rẹ̀ lónìí, kó tẹ àwòrán ara rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún, kó wọ Manage your Google Account, kó bọ́ sí Security, kó wo recovery phone àti recovery email. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó pa á dà kíá. Kó má sì tíì ju síìmù àtijọ́ nù lọ́jọ́ náà; ó lè tó ọjọ́ 7 tí Google á ṣì máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́.

Èkejì: ẹ ò jáde lórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà

Ẹ ti tẹ ìwé yín jáde, ẹ ti ọwọ́ bọ àpò, ẹ ti lọ. Gmail yín ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Alẹ́ọ̀tì báńkì, ìwé ìbí, gbogbo rẹ̀ ni ẹni tó bá jókòó tẹ̀ lé yín máa rí. Chrome á bi yín bóyá kí òun fi password pamọ́, ẹ̀yin náà á tẹ “Save” bí ẹni ń ṣe àmín. Incognito, ojú Chrome tí kì í rántí ẹni tó lò ó bí ẹ bá ti tì í, ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣí fún yín, kí ẹ sì tì í fúnra yín. Bí ẹ bá ti délé kí ẹ tó rántí, Security náà ni, ẹ wá Your devices, ẹ rí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, ẹ tẹ Sign out.

Ẹ̀kẹta: àpótí ti kún, ẹ ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi

Nígbà tí Gmail jáde lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004, àyè 1 GB ni wọ́n ń fúnni láti kó lẹ́tà sí, àwọn kan sì rò pé ẹ̀fẹ̀ April Fool ni. 15 GB ni báyìí, ṣùgbọ́n Gmail nìkan kọ́ ló ni ín. Drive, ibi tí Google ń bá yín tọ́jú fáìlì, ń jẹ níbẹ̀. Fọ́tò ń jẹ níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Google Photos kò ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. WhatsApp orí Android náà ti dara pọ̀, bákáọ̀ọ̀pù rẹ̀ ti wọ inú ìṣirò báyìí. Fídíò òde àríyá tí ẹgbẹ́ ẹbí ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń dínà mọ́ lẹ́tà iṣẹ́ yín.

Bó bá kún tán, lẹ́tà kò ní wọlé mọ́, ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n á dá a padà fún. Gende kan ń ra dátà lórí dátà nítorí lẹ́tà ìdánwò iṣẹ́ tó ń retí. Nígbà tí mo fi máa wò ó, ìlà pupa ti wà lókè pé kò sí àyè. Ẹ má jókòó máa pa lẹ́tà rẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ has:attachment larger:10M sí ojú ìwárí, àwọn tó wúwo á jáde, ẹ pa èyí tí ẹ ò nílò rẹ́, kí ẹ sì da Trash nù. Bí ẹ ò bá dà á nù, ó di ọjọ́ 30 kó tó lọ fúnra rẹ̀, á sì ṣì máa gbàyè títí di ìgbà náà. Lórí WhatsApp, ẹ wọ Chat backup, kí ẹ yọ fídíò kúrò.

Spam, ibi tí Gmail ń da lẹ́tà tó bá fura sí sí, ọjọ́ 30 lòun náà ní kí lẹ́tà inú rẹ̀ tó pa rẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó máa bú agbanisíṣẹ́.

Ímeèlì kì í ní www níwájú o, ẹ jọ̀ọ́. Kì í sì í ṣe gmail.con.

Dọ́ọ̀tì tó wà láàárín orúkọ kò ṣe nǹkan kan lórí Gmail, ẹ fi sí i, ẹ yọ ọ́, ibì kan náà ló ń lọ.

Ọjọ́ ìbí: àwọn kan á fi ọdún tí a wà yìí sí i nítorí ìkánjú. Google á kà á sí ìkókó, á sì ti àkáǹtì pa bí wọn kò bá tètè tún un ṣe.

Ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́, ẹ má kó àdírẹ́sì iléeṣẹ́ mẹ́wàá sínú “To” kan ṣoṣo kí gbogbo wọn máa wo ara wọn. Ẹ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi fọ́tò CV ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di PDF, ẹ fi orúkọ yín pè é. Kí ni “scan0001” fẹ́ sọ fún ẹni tó ń gbani síṣẹ́? Ohun tó bá ju 25 MB lọ, Drive ni Gmail á gbé e gbà, bí ẹ ò bá sì ṣí i fún wọn, wọn ò ní rí i. Undo Send lè fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti fa ọ̀rọ̀ padà, àmọ́ 5 ló wà lórí ẹ̀ bí ẹ ò bá yí i.

Àkáǹtì tí ẹ pa tì fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́. Láti ìparí ọdún 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá tan 2-Step Verification, tí Google á fi máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn password, kó tẹ kóòdù mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní backup codes jáde sórí bébà. Kó má fi wọ́n pamọ́ sínú Gmail kan náà. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ó ku lẹ́tà tó ń ní “a fẹ́ ti àpótí yín pa lónìí, ẹ tẹ ibí.” Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ máa ń pa password dà, á sì lọ sùn. Olè kò sùn. Ó lè ti ṣètò pé kí gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé máa lọ sọ́dọ̀ òun náà, password tuntun kò sì dá ìyẹn dúró. Ẹ wọ Settings, See all settings, kí ẹ wo Forwarding àti Filters, kí ẹ yọ àdírẹ́sì tí ẹ ò mọ̀ rí. Áàpù orí fóònù kì í fi Forwarding hàn, kọ̀ǹpútà ló gbà. Torí ìyẹn, mo gbà kí ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú fóònù yín dání, kí ẹ sì jáde nínú Gmail kí ẹ tó dìde lórí àga mi.